Òpó Tí Bàbá Mi Rán Mi Lọ Wò

Bíríkìlà ni bàbá mi ní Kàbà, iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ wa. Nígbà tí mo pè é láti Lisbon ní Pọ́túgàl pé mo fẹ́ lọ wo ilé mọ́ńkì kan tó lókìkí, ẹ̀rín ló bú sí.

"Ilé ọ̀bọ lo torí ẹ̀ wọ bàálù?"

Mo ní rárá o, Bàbá, àwọn ọkùnrin tí wọn ò fẹ́yàwó, tó jẹ́ àdúrà niṣẹ́ wọn. Ó ní ó dáa, kí n ṣáà bá òun wo ohun tó gbé òrùlé ibẹ̀ dúró.

Tíráàmù 15 ló gbé mi dé Belém, ìyẹn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lẹ́nu àwọn Pọtogí. Jerónimos ni wọ́n ń pe ilé náà. Mo tò sórí ìlà títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, kí n tó mọ̀ pé ìlà ṣọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí ìlà àgbàlá.

Ẹ jẹ́ n sọ ti òpó. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ga fíofío, nígbà tí wọ́n dókè tán, orí wọn wá là bí imọ̀ ọ̀pẹ. Imọ̀ yẹn náà ló so kọ́ra tó di òrùlé. Kò sí pákó, kò sí irin tí mo rí, òkúta ni látòkè délẹ̀. Ọba Manuel Kìíní ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1501, ó sì gbà tó 100 ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní 1755 tí Lisbon wó lulẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ilé yìí ò yẹsẹ̀.

Ní àgbàlá ni mo ti rí okùn. Okùn ọkọ̀ ojú omi, wọ́n lọ́ ọ mọ́ra bí ẹni ń dirun, òkúta ni! Mo fìka tọ ibi tí fọ́nrán kan ti gun èkejì. Ó tutù.

Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ ńkọ́? Ìdá 5 nínú 100 lórí ọjà tó ń ti Áfíríkà àti Íńdíà wọlé. Nígbà tí mo mọ èyí, ojú tí mo fi ń wo nǹkan yí padà. Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò lẹ́bàá ibojì Vasco da Gama, èmi dúró ti ibojì Ọba Manuel, tí erin tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ gbé sórí ẹ̀yìn. Erin! Igbó Pọ́túgàl wo ni wọ́n ti rí i? Mọ́ńkì gan-an ò sí níbẹ̀ mọ́, láti 1833 ni ìjọba ti gba ilé náà lọ́wọ́ wọn.

Mo délé, mo gbé fóònù fún Bàbá lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé. Kò wo okùn, kò wo erin. Ó fi ìka méjì fẹ òpó kan títí àwòrán fi ṣú.

"Níbi tí òkúta ti pàdé òkúta yìí, kí ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́?"

Mo ní n ò bèèrè.

Ó dá fóònù padà fún mi. "Òkun o," ó ní, bí a ṣe ń kí ẹni tó ṣe wàhálà nílé wa, "wàá padà lọ bèèrè."