Kí Yorùbá má ṣe wà ní ìlà ìkẹyìn: ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń kọ̀wé wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ aláfiwé

Àwọn ọ̀dọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé máa ń fi ìwé tí wọ́n fẹ́ fi wọlé fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ àti àṣà aláfiwé, ẹ̀kọ́ tí a ti ń fi lítíréṣọ̀ èdè kan wé ti èdè mìíràn, ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ọ̀nà yìí ni èmi náà gbà dé yunifásítì tí mo wà ní Amẹ́ríkà. Ohun kan wà tí mo sábà máa ń rí nínú àwọn ìwé náà tí ó máa ń dùn mí. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú, tó lè ka ìwé ìròyìn ayé àtijọ́ tí kò ní àmì ohùn kankan lórí, tó mọ oríkì ìdílé rẹ̀ tó sì lè túmọ̀ rẹ̀, yóò kọ ojú ewé méjì gbáko nípa àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé àti Jámánì, yóò wá fi Yorùbá sí ìlà ìkẹyìn bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ohun tó kọ, Yorùbá yẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún ènìyàn mìíràn.

Èdè ni ẹnu ọ̀nà ẹ̀kọ́ yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lítíréṣọ̀ aláfiwé ló ń retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi èdè mẹ́ta ṣiṣẹ́, kí ó sì máa ka ìwé ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó ní Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá ti ní méjì. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ni kí ó yan ẹ̀kẹta fún yín: bí ọ̀rọ̀ yín bá kan Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì, Potogí ni, bí ó bá kan Kúbà, èdè Sípéènì ni, bí ó bá kan Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn Yorùbá ti fi Faransé lọ sílé ìwé, Faransé ni. Láti ọdún 1991 ni Abúlé Faransé ti wà ní Àgbádárìgì, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa ń lọ gbé ibẹ̀ kí èdè náà lè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ má ṣe rò pé Faransé àti Yorùbá kò bára wọn tan: Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí gbogbo wa mọ̀ mọ eré oníṣe àti ìtàn àròsọ Yorùbá, Faransé ló kọ́kọ́ fi gboyè ní Ìbàdàn.

Lẹ́yìn èdè, iṣẹ́ tí wọn yóò kà ló kàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń béèrè àpilẹ̀kọ tó tó ojú ewé 15 sí 25, òun sì ni ó ń sọ òtítọ́ nípa akẹ́kọ̀ọ́ ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti èmi ṣe àpẹẹrẹ: ìtàn kan láti Èkó ni mo fi wé ọ̀kan láti Paris. Láti oṣù keje ọdún 1929 títí di oṣù kẹta ọdún 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde. Obìnrin náà ti dàgbà, àìsàn sì ti dá a wólẹ̀. Ó ń ròyìn fún olóòtú bí òun ṣe lo ìgbà èwe òun láàárín àwọn ọkùnrin Èkó. Olóòtú náà fúnra rẹ̀, I. B. Thomas, ló ń kọ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé kan gbà pé ẹlẹ́ran ara bíi tiwọn ni Sẹ̀gilọlá, wọ́n sì ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sí Akéde Èkó. Ní Paris, láti ọdún 1842 sí 1843, òǹkọ̀wé Faransé kan, Eugène Sue, ń kọ ìtàn kan ní ìpín-ìpín sínú ìwé ìròyìn Journal des Débats nípa àwọn mẹ̀kúnnù àti ọ̀daràn ìlú náà, lẹ́tà àwọn òǹkàwé sì ń rọ́ wọlé tọ̀ ọ́ wá bákan náà.

Ìbéèrè tí mo gbé ka iwájú ìgbìmọ̀ náà kò ju ọ̀kan lọ: kí ni ìtàn máa ń dà nígbà tí òǹkàwé lè fèsì kí ìtàn náà tó parí? Ní Paris, òǹkọ̀wé ló dúró lẹ́yìn, tó ń ròyìn àwọn ènìyàn inú ìtàn fún wa. Ní Èkó, ẹni inú ìtàn ló di kálámù mú, olóòtú sì ṣe bí ẹni tí kò ju atẹ̀wé lọ. Mo lọ́ra púpọ̀ lórí bí Sẹ̀gilọlá ṣe ń bá olóòtú sọ̀rọ̀ tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, tí yóò dédé kọjú sí àwọn òǹkàwé tó mọ Èkó, tí orin ìgboro yóò já wọ àárín ẹkún rẹ̀. Sẹ̀gilọlá ló jẹ́ kí n rí ohun tí Sue kò ṣe. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ láti Paris ni, ó ṣeé ṣe kí n kàn máa wá ibi tí Èkó ti jọ Paris, kí n sì pe ìyẹn ní ìwádìí. Mo gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ibi tí a ti ń jẹ́ kí Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ èdè mìíràn ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń nítumọ̀. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Yorùbá kò tó iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé: Karin Barber wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó gbé Òkukù láàárín àwọn tó ń ké oríkì, Ifẹ̀ ló sì ti gboyè rẹ̀, òun náà ló tún ṣe àtúntẹ̀ ìtàn Sẹ̀gilọlá pẹ̀lú ìtumọ̀ ní ọdún 2012.

Nítorí náà, nínú ìwé tí ẹ fi ń ṣàlàyé ohun tí ẹ fẹ́ wá ṣe, ẹ fi ìbéèrè yín sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Ìtàn bí ìyá àgbà ṣe ń pa àlọ́ lábẹ́ òṣùpá lè dúró ná. Àwọn tó ń kà á ti rí irú rẹ̀ rí.

Lẹ́tà àwọn olùkọ́ mẹ́ta náà gba ìtọ́jú. Olùkọ́ wa tó fẹ́ràn ọmọ yóò kọ̀wé pé ọmọ dáadáa ni, kì í pẹ́ dé kíláàsì, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ohun tí ìgbìmọ̀ fẹ́ mọ̀ ni bí ọmọ náà ṣe ń ronú, àti ibi tí èrò rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ẹ lọ bá àwọn ọ̀gá yín ní oṣù méjì ó kéré tán ṣáájú, kí ẹ fi àpilẹ̀kọ yín lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ọ̀wọ̀ rán wọn létí ohun tí ẹ kọ ní kíláàsì wọn.

Ní ti owó, fọ́ọ̀mù kan lè jẹ nǹkan bíi dọ́là 75 sí 125. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ètò tí wọ́n fi ń dárí owó yìí ji ẹni tí kò ní in, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ béèrè kí gbèdéke tó dé, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù Kejìlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kò béèrè GRE, ìdánwò ìwọlé fún ẹ̀kọ́ oyè gíga ní Amẹ́ríkà, mọ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ transcript, ìyẹn ìwé èsì ẹ̀kọ́ yín láti yunifásítì, nítorí kì í yá nílé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà yóò gba ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ná.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, alábòójútó ni a kọ́kọ́ ń wá, pẹ̀lú àbá ìwádìí lọ́wọ́, a sì sábà máa ń wá owó lọ́tọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ lódindi ni a ń kọ̀wé sí, àwọn tó bá sì gbani sábà máa ń san owó ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ fún bí ọdún márùn-ún, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò máa kọ́ni fún díẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ ní títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ní ọ̀pọ̀ ibi láti fèsì nípa owó náà. Ẹ lo àsìkò yẹn láti béèrè bóyá wọ́n ń kọ́ Yorùbá níbẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe ní Wisconsin àti Florida. Bóyá ilé ìkàwé wọn ní ìwé ìròyìn Yorùbá ayé àtijọ́. Bóyá ẹ̀ka náà yóò ka Yorùbá mọ́ èdè tí ẹ lè fi ṣe ìdánwò èdè tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Àti ta ni, nínú gbogbo wọn, tó gbọ́ Yorùbá débi tí yóò lè ka ohun tí ẹ bá kọ sí ìwé ìdánwò náà.