Kókó inú iṣan ikùn mi

Bí nǹkan bá ṣe ọ́ ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ wa l'Abẹ́òkúta, gbogbo ìsọ̀ ló máa di dókítà. Nígbà tí kókó líle kan yọ nísàlẹ̀ ìdodo mi, lẹ́yìn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ọmọ mi kejì, àwọn kan ní fáíbírọ́ìdì ni. Ìyá ọkọ mi ní, “Ìyàwó mi, ìpá ni, má gbé ẹrù mọ́.” Ṣùgbọ́n ìpá sábà máa ń wọlé padà téèyàn bá dùbúlẹ̀. Eléyìí ò wọ ibì kankan.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ti fẹ́ gé e lọ́sẹ̀ náà gan-an, wọ́n ti dá owó lé e. Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fárígá: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ohun tí wọn ò mọ̀.”

Skáànù ló fi hàn pé inú iṣan iwájú ikùn ni kókó náà wà, kì í ṣe ilé ọmọ. Mo lọ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ara, n'Íbàdàn kí wọ́n lè mọ ibi tó fẹ̀ dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ nínípọn mú ẹran bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ní desmoid ni, irú kókó kan tó ń hù nínú iṣan.

Desmoid kì í ràn lọ sí ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró bíi jẹjẹrẹ. Ibi tó hù sí ló ti ń yọ́ wọnú iṣan, bí aró ṣe ń wọ abẹ́ okùn aṣọ tí wọn ò so le. Torí ẹ̀ ló ṣe lè padà hù lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e. Kò wọ́pọ̀: nínú mílíọ̀nù èèyàn kan, bíi 2 sí 6 ló ń ní in lọ́dún. Èyí tó ń hù níwájú ikùn, àwa obìnrin tá a ti bímọ ló sábà máa ń mú.

Dókítà wá ní ká máa ṣọ́ ọ ná. Inú bí mi! Gbogbo owó tí mo ná yẹn? Ó ní òmíràn máa ń dúró sójú kan, òmíràn á tiẹ̀ máa súnkì fúnra rẹ̀. Tó bá ń dàgbà, oògùn wà, bíi sorafenib, àti nirogacestat tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2023 (ẹ má bi mí léèlò). Tó bá di pé wọ́n gé iṣan tó pọ̀, wọ́n lè fi àwọ̀n dí ojú rẹ̀ kí ìfun má bàa ti jáde.

MRI tí mo yà kẹ́yìn fi hàn pé kò tóbi sí i. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ lóyún, kí n kọ́kọ́ wá rí wọn, torí oyún lè mú un wú. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, mo ti pálẹ̀ ọjà mọ́ lápá ibẹ̀ yẹn.