Sáàmù nínú mícrà

Inú mícrà tó ń lọ sí Bódìjà ni mo wà láàárọ̀ yìí, àtẹ̀jíṣẹ́ lánlọ́ọ̀dù ṣì wà lójú fóònù mi. Ó ti fi owó kún owó ilé, owó oṣù ò sì tíì wọlé. A fún mọ́ra lẹ́yìn ọkọ̀ (ẹ ṣáà mọ mícrà Ìbàdàn), oòrùn sì ń ta mí lápá ọ̀tún láti ojú fèrèsé.

Màmá tó jókòó tì mí gbé apẹ̀rẹ̀ ata lé itan. Ó fa Bíbélì kan yọ nínú ọ̀rá, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Sáàmù 121 ló ń kà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ń fi ìka tí ata ti pa láró tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí Olúwa ti jẹ́ òjìji lọ́wọ́ ọ̀tún, tí oòrùn ò ní pa èèyàn lọ́sàn-án, mo wo apá mi, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ibẹ̀ kà."

Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó ní, "Gbọ́, ọmọ mi," ó sì tún un kà sókè díẹ̀. Dírẹ́bà gan-an yí rédíò rẹ̀ wálẹ̀.

Ká sòótọ́, àwọn tó máa ń pariwo ìwàásù lé èèyàn lórí nínú ọkọ̀ kì í wọ̀ mí létí. Tèyí yàtọ̀.

Owó ilé ò tíì dín o. Mo ṣì máa pe lánlọ́ọ̀dù lálẹ́ yìí, kó jẹ́ kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n àyà mi tó ń já látàná ti balẹ̀, mo tiẹ̀ rí oúnjẹ ọ̀sán jẹ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ti gba ẹnu ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí bá yín sọ̀rọ̀? Ẹsẹ Bíbélì wo ni?