Ọ̀pá Èéfín Nagato Kì í Purọ́: Mo Wá Fọ́tò Ọkọ̀ Ogun Lọ sí Jàpáànù

Tó bá jẹ́ torí fọ́tò àtijọ́ ti ọkọ̀ ogun ojú omi lẹ ṣe ń lọ sí Jàpáànù, ẹ má fi ọjà àlòkù bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ní Tokyo, ó sì bí mi nínú. Tẹ́ ẹ bá máa yà síbẹ̀ dandan, ẹ mú nǹkan méjì dání: awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, àti tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ àlùkò, irú èyí tí àwọn oníṣòwò wa fi ń yẹ owó náírà wò. Àwọn méjèèjì ló yọ 12,000 yen mi lọ́wọ́ ọkùnrin kan.

Káàdì ìfìwéránṣẹ́ ló nà sí mi. Ó ní Nagato, ọkọ̀ ogun ńlá ti Jàpáànù, nìyí, pé ní 1920 tí ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, pé ojúlówó fọ́tò ni. Nagato ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá èéfín iwájú rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrùn lékeléke, ní 1920 sì rèé, gbọọrọ ni ọ̀pá yẹn wà. Èéfín ló ń fẹ́ wọ ibi tí àwọn ọ̀gá máa ń dúró sí lókè, tí kò jẹ́ kí wọ́n ríran, ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ní nǹkan bí 1924 sí 1925. Nígbà tí wọ́n tún ọkọ̀ náà ṣe láàárín 1934 sí 1936, ọ̀pá kan ṣoṣo ló kù lórí rẹ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀pá títẹ̀ ti mọ̀ pé fọ́tò náà kò ṣáájú 1924, kò sì kọjá 1934.

Mo yí ẹ̀yìn káàdì náà wò. Ẹ̀yìn káàdì Jàpáànù máa ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti 1907 ni wọ́n ti gbà kéèyàn kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àdírẹ́sì, ìdá kan nínú mẹ́ta ni ìlà sì pín sọ́tọ̀ fún un. Ní 1918, ìlà náà bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ẹ wá wo orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i: kó tó di 1933, “hakaki”, ìyẹn káàdì ìfìwéránṣẹ́ lédè Jàpáànù, ni wọ́n ń kọ, láti 1933 ni wọ́n ti fi àmì wínníwínní méjì kún lẹ́tà kan, tó fi di “hagaki”. Àmì náà wà lórí káàdì tèmi. Láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n sì kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún sí òsì ni wọ́n ń kọ ọ́ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó parí.

Mo gbé awò lé e, mo rí ẹ̀kán tó-tò-tó káàkiri ojú ọ̀run àti ojú omi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojúlówó fọ́tò kì í ní ẹ̀kán. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lábẹ́ òjìji aṣọ mi, bébà náà sì tàn yòò bí aṣọ funfun tí wọ́n fi búlúù fọ̀. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń po èròjà atànyòò yẹn mọ́ bébà. Ọwọ́ pálábá rẹ̀ ségi. Ó já a wálẹ̀ sí 3,000 yen, síbẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣe pé ìtẹ̀jáde ló pè é láti ìbẹ̀rẹ̀, ǹ bá rà á lówó pọ́ọ́kú.

Inú mi ò dùn títí mo fi dé Hiroshima. Láti ibẹ̀, ẹ wọ réluwéè tó ń lọ Kure, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Apá òkun nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ogun ńlá Yamato ní Kure, dandan ni kí àwọn èrò inú ọkọ̀ ti fèrèsé apá yẹn, kí ojú wọn má bàa dé èbúté.

Mùsíọ́ọ̀mù Yamato kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí ibùdókọ̀ Kure. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n máa ń tì í. Àwòṣe Yamato tó gùn ní mítà 26.3, ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gan-an, ni gbogbo èrò máa ń rọ́ lọ bá. Ṣùgbọ́n fún àwa olùfẹ́ fọ́tò, àkójọ Shizuo Fukui ni ìṣúra ibẹ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán bí wọ́n ṣe máa kan ọkọ̀ ogun ni Fukui nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, ó sì kó fọ́tò jọ nígbà tí ọ̀pọ̀ ti ṣègbé. Ní August 1945, àwọn ológun fúnra wọn ló dáná sun àwọn ìwé àṣírí wọn, fọ́tò sì bá a lọ.

Ẹ fara balẹ̀ wo fọ́tò ọjọ́ 20 September 1941. Yamato ń gba àtúntò ìkẹyìn ní Kure. Àgbá mẹ́ta ti apá ẹ̀yìn ló gba iwájú àwòrán, irinṣẹ́ àti igi sì wà káàkiri orí ọkọ̀. Lápá ọ̀tún pátápátá, ẹ ó rí etí Hosho, ọkọ̀ agbébàálù. Lọ́nà jíjìn láàárín, Mamiya tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun ló wà níbẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 46 ni ẹnu àgbá yẹn, ṣùgbọ́n 40 ni wọ́n kọ sínú ìwé, kí Amẹ́ríkà má bàa mọ̀. Bí ẹ bá mọ èyí, ẹ ó mọ ìdí tí ọkàn mi fi ń lù níwájú fọ́tò náà.

Ti Shinano, àbúrò Yamato, ló ṣọ̀wọ́n jù. Fọ́tò méjì péré la mọ̀: ọ̀kan tí bàálù B-29 ti Amẹ́ríkà yà láti òkè ní ọjọ́ 1 November 1944, àti ọ̀kan tí ará ìlú kan yà lórí ọkọ̀ afàkọ̀ ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà ti rì í. Ẹnikẹ́ni tó bá ta ẹ̀kẹta fún yín, ẹ bi í léèrè dáadáa.

Kẹ́ ẹ tó gba àkọlé fọ́tò kankan gbọ́, ẹ wo ara ọkọ̀. Fuso àti Yamashiro jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àtúnṣe wọn, ilé àgbá kẹta Fuso kọjú síwájú, ti Yamashiro kọjú sẹ́yìn. Bí ẹ bá rí fọ́tò Akagi, ọkọ̀ agbébàálù, tó ní pápá bàálù mẹ́ta lórí ara wọn, ó ti wà ṣáájú àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Nínú àwọn ọkọ̀ agbébàálù, Akagi àti Hiryu nìkan ló sì ní ilé ìdarí lápá òsì, torí náà bí ẹ bá rí i lápá ọ̀tún, kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n tẹ fọ́tò náà sódì, tí òsì fi di ọ̀tún, kí ẹ tó pe ọkọ̀ náà ní orúkọ mìíràn.

Ẹ gun òkè tí wọ́n ń pè ní Rekishi no Mieru Oka kẹ́ ẹ tó padà. Wọ́n ti di ihò tí wọ́n ti kan Yamato, ṣùgbọ́n òrùlé ńlá rẹ̀ ṣì wà, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ní àgbègbè yẹn títí di òní. Ọ̀sán ni mo débẹ̀. Ariwo irin ń dún wá láti ìsàlẹ̀, mo sì dúró títí tí òòrùn fi kúrò lórí òrùlé náà.