Kò sẹ́ni tó wá bá mi dárò

Ká ní ọkọ mi kú ni, ilé mi ì bá kún. Wọn ì bá tẹ́ ẹní sílẹ̀, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ì bá gbé oúnjẹ wá, ẹnì kan ì bá fi dandan lé e pé kí n bu omi sójú. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó ló kú, ọkọ wà láàyè. Àwọn tó pè mí fẹ́ mọ ohun tí mo ṣe fún un ni. Àwọn kan ní kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀.

Rẹ́jísírì la ti ṣe ìgbéyàwó, nítorí náà Kóòtù Gíga ló lè tú u ká, kì í ṣe kóòtù ìbílẹ̀. Lábẹ́ òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970, bí adájọ́ bá ti kọ́kọ́ pàṣẹ, oṣù mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó parí pátápátá. Oṣù mẹ́ta yẹn le ju gbogbo ìjà tó ṣáájú rẹ̀ lọ. N kì í ṣe ìyàwó ẹnì kankan mọ́, mi ò sì tíì bọ́.

Àsìkò yẹn ni Ìyá Ìṣẹ́yìn dé, ẹ̀gbọ́n màmá mi. Wọn ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n já ewédú, wọ́n ní níbo ni ìjábẹ̀ wà. Nígbà tí ẹkún gbọ̀n mí nídìí àwo àmàlà, wọn ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n ní, “Sunkún, Àjọkẹ́. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ kì í ṣe kékeré.”

Mo kó aṣọ òkè ìgbéyàwó mi jáde, mo ní mo fẹ́ dáná sun ún. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán ọ̀kan mọ́ èkejì. “Àbúrò mi ló hun èyí. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lo fẹ́ sun?” Aṣọ yẹn ni mo ró lọ́jọ́ tí màmá mi pé àádọ́rin ọdún. Mo jó gan-an.

Ìyá kan ládùúgbò ti pè mí ní dálémosú lójú ọmọ mi. Ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo ń jẹ ẹ̀bà mi ní aago méje alẹ́ láìdẹtí sí ìró mọ́tò ẹnikẹ́ni ní géètì. Mo ń tan rédíò sókè. Tí ọmọ bá lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, mo máa ń wọkọ̀ ní Mọ́níyà lọ sí Ìṣẹ́yìn, inú mi á máa dùn láti ojú ọ̀nà.

Tí mo bá sì gbọ́ pé ìgbéyàwó ẹnì kan tú ká, mo máa ń lọ. Màá ra búrẹ́dì, màá jókòó, n kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan ni, ọ̀gá níbi iṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin la jọ lọ. Ẹni tó ń pàṣẹ fún gbogbo wa nígbà kan, ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ní látìgbà tí ìyàwó òun ti kó lọ, àwa la kọ́kọ́ wá. Sátidé là ń padà lọ, àbúrò mi ní òun á gbé ayò dání.