Ìdí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi fi wálẹ̀ nígbà tí mo lóyún

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlélógún oyún mi àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó kọ 98/58 sínú káàdì, ó ní ó lọ sílẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò séwu. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí èrò tèmi ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ sí i lára, dandan ni kí ìfúnpá gòkè.

Àṣé òpó ẹ̀jẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yí padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ni àwọn họ́mónù bíi progesterone ti ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀, kí ó sì fẹ̀, débi pé ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ kò ní kún inú rẹ̀ mọ́. Kídìnrín á wá máa dá iyọ̀ àti omi dúró, títí omi inú ẹ̀jẹ̀ yóò fi pọ̀ sí i ní ìdá 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkàn, tó ń tú nǹkan bíi lítà 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀, á fi ìdá 30 sí 50 kún iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, fífẹ̀ òpó borí gbogbo àlékún yìí, ìdí nìyẹn tí ìfúnpá fi ń wálẹ̀ láàárín oyún, kó tó tún gòkè bí ìbí ti ń sún mọ́lé. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í pọ̀ sí i tó omi náà, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ á dà bí èyí tí a bomi là.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ kí wọ́n lè yẹ ikùn mi wò, kò pẹ́ tí òógùn tútù fi bò mí, tí ojú mi ń ṣókùnkùn, èébì sì ń gbé mi. Wọ́n yí mi sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ara mi sì balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé-ọmọ tó ti wúwo ló tẹ òpó ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ẹsẹ̀ sí ọkàn, bẹ́ẹ̀ ọkàn kò lè tú ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tan ara rẹ̀ o: bí ìfúnpá bá dé 140/90 lẹ́yìn ogún ọ̀sẹ̀, pàápàá tí orí ń fọ́ni gidigidi tàbí tí ojú ń ṣe bàìbàì, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí aboyún gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Tèmi ti padà sí 112/70 ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógójì.