Ìkánjú Ló Ń Jẹ Owó Àlejò ní Perú àti Bòlífíà

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìrìn àjò mi láti Perú dé Bòlífíà, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni pé ìkánjú ló ń jẹ owó àlejò níbẹ̀. Oúnjẹ kò wọ́n, ibùsùn kò wọ́n, bọ́ọ̀sì kò wọ́n. Ẹni tó fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo rí Lima, Cusco, Machu Picchu (ahoro ìlú àtijọ́ orí òkè), adágún Titicaca àti La Paz ló máa ń wọ bàálù káàkiri, iye tí wọ́n bá sì pè fún un ló máa san. Ẹ mú ibi díẹ̀, kí ẹ sì rọra rìn ín.

Ẹ rí sí físà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ẹni tó bá mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání, ti Perú lọ́tọ̀, ti Bòlífíà lọ́tọ̀. Ẹ má sì gbàgbé káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ sílé.

Ọ̀rọ̀ òkè ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Cusco fi nǹkan bíi mítà 3,400 ga ju ojú òkun lọ. Ẹni tó bá ti Lima tó wà létí òkun fò débẹ̀, orí lè máa fọ́ ọ, kí èémí máa há a, kí oorun má sì kun ojú rẹ̀. Soroche ni wọ́n ń pè é. Èmi kò sun Cusco lálẹ́ àkọ́kọ́. Mo wọ colectivo ní òpópó Pavitos, ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ pé tó bá kún ni í gbéra, mo forí lé Ollantaytambo, tó rẹlẹ̀ ju Cusco lọ ní nǹkan bíi mítà 600. Mo sùn dáadáa. Ìlú náà sì dùn ún wò: àwọn èèyàn ṣì ń gbé láàárín ògiri òkúta tí àwọn Inca, tó jọba níbẹ̀ kí àwọn Sípéènì tó dé, mọ, omi ń ṣàn nínú gọ́tà òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Òkè Pinkuylluna wà níbẹ̀, tí àwọn Inca kọ́ àká sí lára. Ọ̀fẹ́ ni gígùn rẹ̀, ẹ ó sì máa wo gbogbo ìlú látòkè. Tí wọ́n bá fún yín ní tíì ewé coca, ẹ mu ún, ó ń tuni lára. Àmọ́ ẹ má kó ewé náà bọ̀ wálé o, òfin lè mú yín.

Ọkọ̀ kankan kì í gba títì dé Aguas Calientes tó wà nísàlẹ̀ Machu Picchu láti Cusco. Rélùwéè ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wọ̀, òun ló sì ń gbé owó lọ jù. Ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ni kí ẹ wọ ọkọ̀ ní Cusco gba Santa Teresa dé Hidroeléctrica. Ọjọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí i. Láti ibẹ̀, ẹ óò fẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin rélùwéè, odò Urubamba lápá kan, igbó lápá kejì. Mo fẹ́ràn ìrìn náà ju Machu Picchu fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta tí òjò ń rọ̀, tí òkè máa ń ya sójú títì, ẹ san owó rélùwéè. Ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé lọ́wọ́ ìjọba ṣáájú, nítorí iye èèyàn tó ń wọlé lójúmọ́ níwọ̀n.

Ní Cusco, ẹ jẹun ọ̀sán, kì í ṣe ti alẹ́, nílé oúnjẹ. Ẹ béèrè “menú”: ọbẹ̀ olómi, oúnjẹ gidi àti nǹkan mímu, owó kan ṣoṣo lẹ ó san fún gbogbo rẹ̀. Ọjà San Pedro dára fún un. Tí ẹ bá rí igi tí wọ́n so ọ̀rá pupa mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé kan ní abúlé, chicha de jora wà níbẹ̀, tí wọ́n fi àgbàdo tó ti hù pọn, bíi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ wa gẹ́lẹ́. Òkúta onígun 12 tó wà ní òpópó Hatun Rumiyoc, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ láti wò ó. Ẹ fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe tò wọ́n láìfi nǹkan kan lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ilẹ̀ tó mì lọ́dún 1950 ba ilé tí àwọn Sípéènì kọ́ sórí Qoricancha, tẹ́ńpìlì àwọn Inca, jẹ́, ògiri Inca dúró.

Láti Puno, ìlú Perú tó wà létí adágún Titicaca, bọ́ọ̀sì gba Copacabana ti Bòlífíà lọ sí La Paz. Ní Tiquina, èrò máa ń sọ̀kalẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á sì gbé bọ́ọ̀sì sórí ọkọ̀ pákó ńlá kọjá adágún Titicaca. Ẹ mú owó kéékèèké dání fún ibẹ̀. Ní La Paz, ẹ má san owó fún ẹni tí yóò mú yín káàkiri. Mi Teleférico, ọkọ̀ orí wáyà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, ni gbogbo ará ìlú ń wọ̀. Bolivianos 3 ni mo san. Ẹ wọ ti pupa lọ sí El Alto, ìlú tó wà lókè La Paz, ní Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Àìkú, ẹ ó bọ́ sí àárín ọjà ńlá. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra aṣọ òtútù òkìríkà kí ẹ tó kọjá sí Uyuni, níbi pápá iyọ̀ ńlá, torí omi máa ń dì níbẹ̀ lóru nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.